Àmì Ohùn àti Wáyà VGA

Ní ọjọ́ kan ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, mo fi ẹ̀rọ pírójẹ́tọ̀ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí ojú ògiri: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ní kí ó kà wọ́n pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà. Díẹ̀ ni ó kù kí n bá a wí, kí n tó rìn dé ẹ̀yìn yàrá, tí mo rí i pé àmì ohùn ti di bàìbàì lójú ògiri. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ. Ẹ̀rọ ni a kò tò dáadáa. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó yẹ kí á mọ ìdí rẹ̀.

VGA ni ìlànà tí ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1987. Orí wáyà rẹ̀ ní àyè fún eyín irin 15, tí a tò ní ẹsẹ̀ 3, márùn-ún márùn-ún. Mẹ́ta nínú wọn ni ó ń gbé àwọ̀: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún àwọ̀ aró. Iná tí ń gba inú wọn kọjá kì í ju 0.7 volt lọ. Bí ó bá ti ga tó ni àwọ̀ ṣe ń mọ́lẹ̀ tó. Ó dà bí ohùn dùndún, tí ń ròkè tí ń rodò bí onílù ti ń fún ọṣán rẹ̀. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé ni a ń rí funfun. Nítorí náà, bí ojú ìwé funfun bá di àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ aró ni kò dé. Ẹ wò bóyá eyín kan tẹ̀, tàbí orí wáyà kò wọlé dáadáa.

Eyín méjì mìíràn ń ṣe iṣẹ́ agogo: ọ̀kan ń kéde ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, èkejì ń kéde ìbẹ̀rẹ̀ odindi àwòrán. Ṣùgbọ́n agogo kò sọ iye ìgbésẹ̀ tí ó wà láàrin ìró kan sí èkejì. Ojú pírójẹ́tọ̀ jẹ́ ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké. Dandan ni kí ó ka ìgbésẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Fún àwòrán tí ó ní ẹyọ 1024 ní ìbú àti 768 ní òró, tí a ń yà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbésẹ̀ 1344 ni ó wà láàrin agogo méjì. Èyí tí ó lé lórí 1024 jẹ́ ìsinmi. Bí ẹ̀rọ bá kà á sí 1345, ìṣísẹ̀ rẹ̀ yóò máa yapa díẹ̀díẹ̀, ìlà fífẹ̀ kan tí ó rí bàìbàì yóò sì dúró gbọọrọ lójú àwòrán. Bí iye bá pé, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ kò balẹ̀ pẹ̀lú ìlù, gbogbo lẹ́tà ni yóò máa gbọ̀n. Àmì ohùn, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ, ni yóò kọ́kọ́ sọnù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ní àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbé iye ẹyọ tí ó bá ojú pírójẹ́tọ̀ mu jáde. Ó wà nínú ìwé ìlò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé àwòrán tí ó kún fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú àti funfun, tí wọ́n dúró lóòró, sí ojú ògiri, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì Auto. Bí èyí kò bá tó, ẹ wá Clock, tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń pè ní Tracking. Ẹ yí i títí ìlà bàìbàì yóò fi tán pátápátá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí Phase, tí àwọn mìíràn ń pè ní Sync, títí lẹ́tà yóò fi dúró ṣinṣin. Ẹ má ṣe fi èkejì ṣáájú èkíní: ẹni tí kò mọ iye ìgbésẹ̀ ijó kò lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbé balẹ̀.

Òtítọ́ ni pé HDMI, tí ń gbé àwọ̀ ní oǹkà, ti gba ipò VGA lára ẹ̀rọ tuntun. Síbẹ̀, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn àtúnṣe, mo tún gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà sójú ògiri; akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kà wọ́n láìṣi ẹyọ kan. Kí á tó sọ pé ọmọ kò mọ ohùn, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí a gbé síwájú rẹ̀.