Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Àrùn Ara Kí Ó Má Baà Ṣi Dókítà Lọ́nà

Àwọn àrùn ara kan wà tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ́síìmà, tí ó máa ń yún ọmọdé ní kọ̀rọ̀ ìgúnpá àti ní ẹ̀yìn orúnkún. Òmíràn ni psoriasis, tí awọ ara fi ń nípọn tí ó sì ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Bẹ́ẹ̀ náà ni eéwo abẹ́ abíyá tí ó ń jinná tí ó sì tún ń padà wá. Ọdún lórí ọdún ni wọ́n fi ń bá ènìyàn gbé. Lónìí wọn a rọ̀, lọ́la wọn a tún ru sókè. Nítorí náà ni dókítà ṣe máa ń béèrè pé, "Ṣé ó sàn ju ti ìjọ́sí lọ?" Ìrántí ènìyàn kò tó láti fi dáhùn ìbéèrè yìí, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé oṣù mélòó kan lè wà láàrin ọjọ́ tí a rí dókítà awọ ara ní LUTH ní Idi-Araba àti ọjọ́ tí a óò tún padà lọ. Fọ́tò lè dáhùn rẹ̀, bí a bá yà á bí ó ti yẹ.

Ní agbègbè wa níhìn-ín ní Kuje, láti Festac títí dé Agboju, àwọn ìyá a máa mú fọ́tò inú fóònù wọn wá hàn wá ní díspẹ́ńsárì. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara tí ó yún ọmọ mọ́jú lè ti rọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú fọ́tò wọ̀nyí kò ṣeé fi wé ara wọn. Ìyá kan mú méjì wá: ó ya èkíní lẹ́bàá fèrèsé ní òwúrọ̀, ó sì fi iná tọ́ọ̀ṣì ya èkejì ní alẹ́ nígbà tí iná ti lọ. Ẹni tí ó bá wo èkejì yóò ní ara ọmọ ti jinná. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ náà kò fojú kan oorun ní òru ọjọ́ náà nítorí yíyún. Bí a bá gba irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ gbọ́, a óò dín oògùn kù nígbà tí ó yẹ kí a fi kún un. Òdìkejì rẹ̀ náà burú: òjìji lè sọ àpá àtijọ́ di ohun tí ó jọ àrùn tuntun, kí a sì tún kó ìpara líle fún ọmọ, èyí tí ó máa ń sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí a bá lò ó jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú gidigidi. Lára òyìnbó, ibi tí àrùn wà a máa pọ́n. Lára tiwa, ó lè ṣú ju ara yòókù lọ, ó lè dà bí eérú, tàbí kí ó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Ní 2002, Ben-Gashir àti Hay tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ó ní ẹ́síìmà ní London. Wọ́n rí i pé bí a bá gbé ìwọ̀n àrùn lé pípọ́n ara, ẹ́síìmà líle lè fara pamọ́ lára ọmọ aláwọ̀ dúdú. Kámẹ́rà pàápàá kò gbè wá láti ìbẹ̀rẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń fọ fíìmù Kodak fi ń lo káàdì tí àwòrán obìnrin òyìnbó wà lórí rẹ̀ láti fi tún àwọ̀ fọ́tò ṣe. Ó dùn mọ́ mi pé ní 2020, Malone Mukwende, tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní St George's ní London nígbà náà, bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ ṣe ìwé kan tí ó ń fi àmì àìsàn hàn lára aláwọ̀ dúdú.

Ohun tí a ń wá ni pé kí ohun gbogbo dúró bákan náà, kí ó lè jẹ́ pé awọ ara nìkan ni ó yí padà. Ẹ yan fèrèsé kan nínú ilé àti wákàtí kan ní ọ̀sán, kí ọmọ kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí oòrùn má ta sí i lára. Ẹ má lo iná fóònù, ẹ má sì lo ohun tí ń mú ojú dán tí ó sì ń pa àbàwọ́n rẹ́. Ẹ ta aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo sẹ́yìn rẹ̀, bí aró tí ó ti ṣá. Àǹkárá kò dára fún iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Aṣọ funfun náà kò dára, nítorí pé kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, awọ ara á sì ṣókùnkùn. Ẹ ya gbogbo apá tàbí ẹsẹ̀ náà lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tó sún mọ́ ojú ibi tí ó ń dùn ún, kí ẹ sì gbé rúlà ọmọ ilé-ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bí ó ti fẹ̀ tó. Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ yà á, ẹ kọ́kọ́ wo ti àkọ́kọ́, kí ọmọ lè dúró gẹ́gẹ́ bí ó ti dúró nígbà náà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ni ti ìpara. Kí ẹ tó fi òrí tàbí Vaseline pa á ni kí ẹ ti ya fọ́tò. Òróró a máa lẹ ìpẹ́ ara mọ́lẹ̀, dídán rẹ̀ á sì jọ ibi tí omi ń sun. Ẹ má sì yà á ní kété tí ọmọ bá ti inú omi gbígbóná jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí dókítà lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bí fáìlì, nítorí pé bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, a máa dín in kù lójú ọ̀nà, àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín á sì parẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i àti oògùn tí ọmọ ń lò. Dókítà nìkan sì ni ó wà fún. Mo ti rí ara ọmọ ọlọ́mọ ní gbangba lójú fóònù àwọn ará àdúgbò, kò sì bójú mu rárá. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 ní kí a pa àṣírí aláìsàn mọ́, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ ohun tí a ní láti ṣọ́ gidigidi. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ó bá fẹ́ ya ọmọ yín ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ yín, kí ó sì sọ ohun tí òun fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe.

Ṣùgbọ́n bí ibà bá wà lára ọmọ, bí awọ rẹ̀ bá ń bó káàkiri, tàbí bí ojú àti ètè rẹ̀ bá wú, ẹ má dúró wá fèrèsé. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.