Bí Ìlù Bá Yí, Ijó Á Yí

Lọ́jọ́ tí a sọ àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lórúkọ, mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí n sọ. Òun ló fi mí mọ orin rọ́ọ̀kì nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Gìtá rẹ̀ kì í dákẹ́ nínú yàrá wa n'Íbàdàn, títí ìyá wa yóò fi pariwo pé kí ó má fọ́ òun létí. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ yìí ni mo gbọ́ pé ó ti ta gìtá náà, mo sì sọ fún un lójú àwọn àna rẹ̀ pé kì í ṣe ẹni tí mo mọ̀ mọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ ogún ọdún ni ẹni tí o mọ̀. Ṣé o fẹ́ kí ó wà níbẹ̀ títí ayé ni?" Oṣù mẹ́ta gbáko ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

Láàárín oṣù mẹ́ta náà ni mo padà sídìí àwọn àwo orin tí ó kọ́ mi láti fẹ́ràn. Mo gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀ léra, ọdún dé ọdún. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí ẹgbẹ́ olórin kan fi ń yí padà tí a sì ń yìn ín, tí òmíràn yí padà tí a ní ó ti ṣìnà, tí òmíràn ẹ̀wẹ̀ sì dúró sójú kan tí ẹnikẹ́ni kò bá a wí.

Metallica ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Los Angeles ni James Hetfield àti Lars Ulrich ti dá a sílẹ̀ ní 1981. Eré àsápajúdé ni àwo wọn àkọ́kọ́, Kill 'Em All, tó jáde ní 1983. Ọdún kan lẹ́yìn náà, nínú Ride the Lightning, a ti ń gbọ́ gìtá tí wọ́n rọra ń ta àti orin tí ń fẹ̀sọ̀ rìn. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ọdún tí Master of Puppets jáde, bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò ṣubú ní Sweden, Cliff Burton tí ń ta gìtá béèsì fún wọn sì kú. Àwo tó tẹ̀ lé e ní 1988 gùn, ó sì díjú. Orin méjì nínú rẹ̀ lé ní ìṣẹ́jú 9, ekukáká ni a sì fi ń gbọ́ béèsì níbẹ̀. Ọ̀nà yẹn kò tún ní ibi tí yóò já sí mọ́.

Ní 1991, wọ́n gbé àwo aláwọ̀ dúdú tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà gan-an jáde. Wọ́n gé orin kúrú, wọ́n sì dín eré kù. Ó tà ju mílíọ̀nù 16 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan, síbẹ̀ àwọn olólùfẹ́ àtijọ́ ní wọ́n ti tìtorí owó ba orin jẹ́. Èmi náà ti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ rí. Ní báyìí, mo rí i pé orin kúkúrú kò fún olórin ní ibi ìsápamọ́ kankan. Bí ohùn kan bá kù díẹ̀ káàtó, gbogbo ayé ni yóò gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Malcolm àti Angus Young, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, dá AC/DC sílẹ̀ ní Sydney ní 1973. Nígbà tí Bon Scott, akọrin wọn, kú ní oṣù kejì 1980, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ìbá túká. Ní oṣù keje ọdún kan náà, Back in Black ti jáde pẹ̀lú ohùn Brian Johnson. Ìlù náà kò yí, gìtá náà kò yí, àwo náà sì wà lára àwọn tó tà jù lọ láyé. Malcolm kú ní 2017. Nígbà tí Power Up jáde ní 2020, orúkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú ti Angus lórí gbogbo orin inú rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo àwo wọn ló dùn o. Àwọn kan wà tí mo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí n kò ní padà sí. Àmọ́ bí agbẹ́gilére bá ń gbẹ́ irú ère kan fún ogójì ọdún, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ lára igi ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ ló ń ṣe tàbí oorun ló ń sùn.

Sepultura ló mú mi dúró. Belo Horizonte ní Brazil ni Max àti Igor Cavalera, tẹ̀gbọ́n tàbúrò bákan náà, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1984. Àwọn àwo wọn ìbẹ̀rẹ̀ le dáadáa, ṣùgbọ́n ibikíbi ni wọn ì báà ti wá. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Roots, tó jáde ní 1996, wọ́n lọ gba ohùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Xavante ní Mato Grosso, wọ́n sì pe Carlinhos Brown, onílù ọmọ Salvador ní Bahia. Ẹ̀yin náà mọ Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ baba wa ní Nàgó, tí wọ́n sì ń lu ìlù fún òrìṣà títí dòní. Nígbà tí mo gbọ́ ìlù yẹn lábẹ́ gìtá tó le bí àrá, ara mi bù máṣọ. Wọ́n yí padà, àmọ́ ilé ni wọ́n ń yí sí.

Kí ọdún náà tó parí, ìjà dé lórí ẹni tí yóò máa ṣe alábòójútó ẹgbẹ́, nítorí ìyàwó Max ló wà nípò náà. Max kúrò. Ó tó ọdún mẹ́wàá kí òun àti àbúrò rẹ̀ tó tún bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti pa orin, mo sì gbé fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú," ni mo wí. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀, ọmọ ń sùn lọ, kì í sì í sùn àfi bí òun bá ń fi ìka lu ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo ní kí ó gbé fóònù sún mọ́ ọn. Mo mọ ìlù náà. Ìlù inú Roots ni, ó kàn ń fẹ̀sọ̀ rìn ni.