Bí Nanga Ṣe Di Ẹ̀kọ́ Inú Ilé ní Japan

Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ nanga, àwòrán tàdáwà àwọn ọ̀mọ̀wé, ní Japan, lílọ̀ tàdáwà ni iṣẹ́ tí yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Tàdáwà wọn kì í ṣe olómi inú ìgò. Gbígbẹ ni, ó rí gbọọrọ. Ìdọ̀tí dúdú tí èéfín iná máa ń fi sílẹ̀ ni wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè jáde lára awọ ẹran, ìlú Nara sì ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ á kán omi sórí òkúta, á máa lọ̀ tàdáwà lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí omi náà yóò fi dúdú tó. Olùkọ́ á wá mú búrọ́ọ̀ṣì, á ya igi oparun kan níṣojú rẹ̀, á sì fi bébà náà lé e lọ́wọ́ pé kó lọ máa wò ó yà nílé.

Wíwo-iṣẹ́-ẹlòmíràn-yà yìí ti pẹ́. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Japan ti kọ́ nanga, ìwọ̀nba díẹ̀ ló rí ẹni fi hàn wọ́n.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀nà àwòrán yìí ti ṣẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ń bẹ̀rẹ̀, Dong Qichang, ìjòyè àti ayàwòrán, pín àwọn ayàwòrán ìlú rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ó fi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ààfin sí Àríwá, ó sì fi àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kéwì, tí wọ́n ń yàwòrán nítorí ohun tó wà lọ́kàn wọn, sí Gúúsù. Kì í ṣe ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí ló ń wí. Ọ̀nà Gúúsù yìí, níbi tí orúkọ nanga ti wá, ni àwọn ọ̀mọ̀wé Japan fẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti tì: ní 1635, ìjọba Tokugawa fòfin dè é pé ọmọ Japan kankan kò gbọdọ̀ rìnrìn-àjò sókè òkun. Èbúté Nagasaki nìkan ni ọkọ̀ ojú omi Ṣáínà ti lè gúnlẹ̀.

Láti Nagasaki ni nǹkan ti ń yọ́ wọlé. Ingen, àgbà mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà láti Ṣáínà, dé ní 1654. Ní 1661 ó dá tẹ́ḿpìlì Manpuku-ji sílẹ̀ ní Uji, níbi tí àwòrán àti ìwé kíkọ àwọn ará Ṣáínà ti wà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ìwé ló wá ṣe bẹbẹ. Ìwé Ọgbà Hóró Mústádì, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní Ṣáínà ní 1679, ń fi hàn ní ìpele-ìpele bí a ṣe ń ya igi, àpáta, òkè àti ènìyàn. Ní 1748 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Kyoto fún àwọn ará Japan.

Àwòrán inú ìwé náà, orí pátákó ni wọ́n fín in sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Pátákó kò lè gbé bí tàdáwà ṣe ń ràn nínú bébà tó tutù. Ìlà àti àmì tó-tò-tó ló lè gbé. Nítorí náà, ìlà àti tó-tò-tó yìí gan-an ni àwọn ará Japan kọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹwà tó jẹ́ tiwọn. Lójú tèmi, ibi tí ìwé náà kù sí yìí ni nanga ti rí ojú tirẹ̀. Ẹ wo òkè tí Ike no Taiga yà, ẹ ó rí i bí tó-tò-tó ṣe ń jó lára rẹ̀.

Taiga, tí wọ́n bí ní 1723, kì í ṣe ọmọ olówó. Ó kéré gan-an nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò sì tíì pé ogún ọdún nígbà tó ti ń ya àwòrán bíi ti Ṣáínà sára abẹ̀bẹ̀, tó ń tà á ní Kyoto. Yanagisawa Kien, jagunjagun tó tún jẹ́ ọ̀mọ̀wé, rí ẹ̀bùn rẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka yàwòrán. Aya rẹ̀, Gyokuran, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn obìnrin akéwì tó ń ta tíì ní Gion, jẹ́ ayàwòrán gidi fúnra rẹ̀. Ní 1771, Taiga àti Yosa Buson, akéwì haiku, jọ ya ìwé àwòrán kan láti inú ewì Li Yu, ẹni tó ni ọgbà tí wọ́n fi sọ ìwé Hóró Mústádì lórúkọ. Kawabata Yasunari, òǹkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1968, padà di ẹni tó ni ìwé àwòrán náà. Ìwé náà ti di ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè báyìí.

Ní Japan, kò sí ìdánwò iṣẹ́ ọba tó ń sọ ọ̀mọ̀wé di ìjòyè bíi ti Ṣáínà. Nítorí náà dókítà, oníṣòwò, mọ́ǹkì àti samurai ló ń ya nanga, ọ̀pọ̀ wọn sì ń tà á jẹun. Uragami Gyokudo fi iṣẹ́ samurai sílẹ̀ ní 1794, ó gbé dùùrù olókùn rẹ̀, ó sì ń rìn káàkiri.

Ìkọlù dé ní 1882. Ernest Fenollosa, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní Tokyo, sọ àsọyé kan níbi tó ti bu ẹnu àtẹ́ lu àwòrán àwọn ọ̀mọ̀wé, ìyẹn nanga. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ìjọba ṣí ní Tokyo ní 1889, wọn kò fi nanga sínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àìdáa ni wọ́n ṣe, mo sì sọ ọ́ láìbẹ̀rù: ohun tó jẹ́ ti ọkàn ni wọ́n fi òṣùwọ̀n iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀n. Àmọ́ àwọn olùkọ́ kò dákẹ́. Nínú ilé wọn ni wọ́n ti ń kọ́ni. Noguchi Shohin, obìnrin tó gbajúmọ̀ nínú nanga, ló di obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè ayàwòrán ààfin ọba, ní 1904. Ní 1921 àwọn onínanga dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ náà fi rí bó ṣe rí lónìí: olùkọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, bébà lórí tábìlì. Ewéko mẹ́rin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ọ́kíìdì, oparun, plọ́ọ̀mù àti chrysanthemum. Fún oparun, wọ́n á rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú tàdáwà tó fẹ́lẹ́, wọ́n á fi orí rẹ̀ nìkan kan èyí tó dúdú, kí ìlà kan ṣoṣo lè gbé dúdú àti fífẹ́lẹ́ pọ̀. Ewé ọ́kíìdì kìíní á tẹ̀ gbọọrọ, èkejì á kọjá lórí rẹ̀ kí àlàfo bí ojú ẹyẹ lè wà láàárín wọn, ẹ̀kẹta á gba àárín àlàfo náà kọjá. Kò sí píparẹ́. Bébà ti mu ún.

Ilé ọnà kan wà nínú ọgbà tẹ́ḿpìlì Seicho-ji ní ìlú Takarazuka fún iṣẹ́ Tomioka Tessai, àgbà onínanga tó kú ní 1924. Bí ẹsẹ̀ yín bá débẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó kọ sórí àwòrán fún yín. Tessai fúnra rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó wo àwòrán.