Ẹ̀gúsí, Epo Pupa àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni mo mú wá lónìí, kì í ṣe ti ajílẹ̀.

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ kan ní Ìgàngán ni bàbá kan ti dìde. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún òun pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ti pọ̀ jù lára òun, òun kò jẹ ẹ̀gúsí mọ́. Gbogbo èyí tí òun bá kó lóko, ọjà ló ń lọ. Owó rẹ̀ ni òun fi ń ra òróró inú ike tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò sí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ rẹ̀ ti rọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọkùnrin náà ń lò tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ẹnìkan tó ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ ní kó pa á tì, kó máa mu òróró àgbọn láràárọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa.

Ẹ jẹ́ kí a ti ara ike òróró yẹn bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sí òróró ohun ọ̀gbìn tí a kò lè kọ ọ́ sí lára. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wà. Ti inú ohun ọ̀gbìn kò tó nǹkan. Bí ìgbà tí èèyàn kọ ọ́ sára iṣu pé kò ní eegun ni. Ẹ̀gúsí yín kò ní in, epo pupa kò ní in, òróró àgbọn pàápàá kò ní in.

Níbo ló wá ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀? Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, nítorí ara ń lò ó. Ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló ń kó àṣẹ́kù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rá tó máa ń dì, bí a bá jẹ ẹ́ jù, ń mú kí ọwọ́ ẹ̀dọ̀ falẹ̀ nídìí kíkó yìí. Èyí tí kò rí kó á máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi há. Bí ó bá dí lọ́nà ọkàn tàbí ọpọlọ, ẹ mọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Bí a bá fi òróró tí kì í dì rọ́pò rẹ̀, ọwọ́ ẹ̀dọ̀ á tún yá.

Ẹ wo ìgò epo pupa láàárọ̀ ọyẹ́: ìsàlẹ̀ á dì, òkè á máa ṣàn. Nínú 100 gíráàmù epo pupa, nǹkan bí 50 ni ọ̀rá tó ń dì. Àdín tí a ń fún láti inú ekùrọ́ ní nǹkan bí 80, òróró àgbọn ní nǹkan bí 90. Ti ẹ̀pà kò ju nǹkan bí 20 lọ. Ti sóyà àti yànmọ̀tí jẹ́ nǹkan bí 15. Ẹ̀gúsí ńkọ́? Nǹkan bí ìdajì kóró rẹ̀ ni òróró, ó sì ju ìdajì òróró náà lọ tó jẹ́ irú èyí tó ń ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí bàbá wa ń wá kiri inú ike, òun fúnra rẹ̀ ló ń dì í sínú àpò tà.

Àwọn kan á ní ṣebí àwọn baba wa jẹ epo pupa. Òótọ́ ni. Lọ́dún 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lára àwọn àgbà ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ni wọ́n ń wá ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àwọn ará Ìbàdàn kéré sí ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Iṣu, ọkà àti ẹja díẹ̀ ni oúnjẹ wọn. Ọ̀rá inú rẹ̀ kò pọ̀. Lójú tèmi, bí a ṣe ń da epo láti ẹnu ìgò lónìí kò jọ ti ìyá wa àgbà rárá.

Nítorí náà, ẹ fi ṣíbí wọn epo. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti ní òróró tirẹ̀, epo díẹ̀ ti tó o. Ẹ má sun epo títí pupa rẹ̀ yóò fi parẹ́: fítámì tó ń ṣe ojú lóore lẹ ń sun dànù, ọ̀rá tó ń dì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà tòun tèèpo. Èèpo náà ń gbá òróòro lọ sínú ìgbẹ́, ẹ̀dọ̀ á sì fa kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òmíràn.

Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn, kò gbọdọ̀ fi òróró kankan rọ́pò rẹ̀. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kì í dunni, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ilé ìwòsàn ni a ti ń mọ̀.

Bí ẹ bá kó ẹ̀gúsí tuntun, ẹ sá a gbẹ dáadáa kí ó má baà bu. Kí ẹ tó gbé àpò lọ ọjà, ẹ bu kóńgò mélòó kan sílẹ̀ fún ilé.