Ọ́ìlì tí ń Jò: Wíwá Orísun Rẹ̀ lára Ọkọ̀ Akẹ́rù tí ó ti Pẹ́

Ẹni tí òrùlé rẹ̀ bá ti jò rí mọ̀ pé ibi tí omi ń kán sí kì í sábà jẹ́ ọ̀gangan ibi tí páànù ti lu. Omi lè rin igi àjà jìnnà kí ó tó kán sórí ibùsùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí ń jò lára ẹ́ńjìnì rí.

Àpẹẹrẹ kan ni ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ bí ẹní mowó láàárín ọdún 1970 sí 1989, tí a sì ṣì ń rí lẹ́nu iṣẹ́ gẹdú kíkó títí di òní. Ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà tí ń lo díísù ni ó ní. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti dàgbà, gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín irin méjì a gbẹ, rọ́bà síìlì a le, ọ́ìlì a sì rí ọ̀nà jáde. Ewu ibẹ̀ kò kéré. Bí ọ́ìlì bá tán, irin yóò máa ha irin, bíárìn yóò sì jó. Owó gásíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yóò wá di owó odidi ẹ́ńjìnì. Bí ó bá sì ń kán sórí páìpù èéfín tí ó gbóná, iná lè sọ.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí awakọ̀ rí ọ́ìlì nílẹ̀, kí ó sì ní kí a tú agbada ọ́ìlì tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Òkè ni ọ́ìlì ti ń ṣàn wá, atẹ́gùn fáànù a sì tún fẹ́ ẹ sẹ́yìn. Nítorí náà, fífọ ẹ́ńjìnì mọ́ nígbà tí ó bá tutù ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí ó bá gbẹ, kí a da àtíkè díẹ̀ sí àwọn ibi tí a fura sí, kí a tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí a pa á, kí a sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ó ga jù lọ tí àtíkè ti rin ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ohun tí ó jò bá ṣàn bí omi, tí ó sì ń rùn bí díísù, epo ni, kì í ṣe ọ́ìlì.

Kí a tó tú ohunkóhun, kí a yẹ ọ̀pá tí ẹ́ńjìnì fi ń mí wò. Bí ó bá dí, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì yóò máa ti ọ́ìlì jáde, síìlì tuntun kò sì ní lè dá a dúró. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Bí ó bá jẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnì ni ó ń jò, kí a ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò tinútinú, kí a fi tuntun sí i, kí a sì dè é díẹ̀díẹ̀ láti ìhà kan sí èkejì. Ẹni tí ó bá fi agbára dè é jù yóò tẹ irin náà, jíjò rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ síìlì tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ńlá ni, nítorí pé a ó sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Kí a rí i dájú ṣáájú pé kì í ṣe igun ẹ̀yìn ìdérí òkè ni ó ń ṣàn débẹ̀, àti pé kì í ṣe ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú mọ́jú, kí a wọn ọ́ìlì rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí a sì wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ọ́ìlì kò sì dín, orísun rẹ̀ ni a rí dí. Bí ó bá tún kán, kí a tún padà sí òkè.