Ẹ Wo Igbà Yín Kí Ẹ Tó Gun Ọ̀pẹ

Ní agbègbè Atakpamé, láti Datcha títí dé Glei, ọ̀pẹ kò ṣọ̀wọ́n. Epo tí a fi ń se ọbẹ̀, ọṣẹ tí àwọn ìyá wa ń sè, ìgbálẹ̀ tí a fi ń gbá ilé, ara ọ̀pẹ ni gbogbo wọn ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹmu lè gé ọ̀pẹ lulẹ̀ kó tó fa omi inú rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe nílẹ̀ Tógò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹyìn kò lè máa gé ọ̀pẹ rẹ̀ lulẹ̀. Kí ni yóò ká lọ́dún tó ń bọ̀?

Bí ọ̀pẹ bá ṣì kéré, ilẹ̀ la ó dúró sí tí a ó fi gé ẹyìn rẹ̀. Bó bá ga díẹ̀, a lè so dòjé mọ́ orí igi gígùn kí a fi fà á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ àtijọ́ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa lè ga tó mítà 15 tàbí 20. Irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀, gígùn ni. Igbà la sì fi ń gùn ún.

Gbogbo wa la mọ igbà. Okùn tó nípọn ni, tí a fi pankẹ́rẹ́ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ hun. Ó yí ara ọ̀pẹ ká, ó sì yí ẹ̀yìn agunọ̀pẹ ká. Agunọ̀pẹ á fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ara igi, á sì fara ti igbà. Bó ṣe ń fara tì í, bẹ́ẹ̀ ni igbà ń fún mọ́ igi, tí kò jẹ́ kó yọ̀ wálẹ̀. Tó bá fẹ́ gòkè, á fa ara rẹ̀ súnmọ́ igi kí igbà lè dẹ̀, á jù ú sókè díẹ̀, á tún fara tì í, á gbé ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí yóò fi dé òkè. Nígbà tó bá dé ibi tí ẹyìn wà, ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò di nǹkan kan mú mọ́. Okùn kan ṣoṣo yẹn ló gbé e dúró.

Bí okùn náà bá já ńkọ́? Ẹni tó bá já bọ́ láti mítà 10 kò ní lò ju ìṣẹ́jú-àáyá kan àtààbọ̀ lọ kó tó kan ilẹ̀. Kó tó ké "Yéè!" tán, ó ti dé ilẹ̀. Eré tó fi kanlẹ̀ tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan, bí ìgbà tí mọ́tò tó ń sáré bá lọ forí sọ ògiri. Láti mítà 20, eré náà súnmọ́ kìlómítà 70. Ẹni tí kò bá kú lè ṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ títí ayé. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ni yóò máa gbé e wọlé, tí wọn yóò máa gbé e jáde.

Àwọn kan á ní, "Igbà bàbá mi ni, kò já rí." Igbà kì í já rí, títí di ọjọ́ tó máa já. Ohun tó ń jẹ ẹ́ ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́. Oòrùn ń gbẹ ẹ́, ó sì ń di ohun tó ń ṣẹ́ kíákíá. Òjò ń rà á. Ikán ń jẹ ẹ́ láti inú, tí òde rẹ̀ á sì máa dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Eku náà ń fi eyín gé e, pàápàá bí epo bá ti ta sí i lára. Èyí tó burú jù ni ibi tó ti ń ha ara ọ̀pẹ. Ìdí imọ̀ tí a ti gé mú bí ọ̀bẹ, ojoojúmọ́ ló ń gé fọ́nrán kan tàbí méjì. Ojú ibì kan náà ló sì sábà máa ń hà. Ibi kejì tí ewu wà ni ojú ìdè, níbi tí a ti so orí àti ìdí igbà pọ̀.

Nítorí náà, ẹ má gbé igbà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní oko, ẹ má sì fi í kọ́ sínú oòrùn lára ògiri. Ẹ gbé e kọ́ sókè nínú ilé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Àwọn àgbà máa ń fi í kọ́ sí ibi tí èéfín ààrò lè dé, kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó má súnmọ́ iná jù, torí iná tún ń gbẹ ẹ́. Igbà pankẹ́rẹ́ tó bá ti gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi díẹ̀ kó lè rọ̀ kí ẹ tó lò ó.

Kí ẹ tó gun igi, ẹ fi ọwọ́ tọ igbà náà láti orí dé ìdí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ, kí ẹ sì tẹ́tí. Bó bá ń dún pa-pa-pa, ó ti gbẹ jù. Bí ìyẹ̀fun bá ń jáde, ikán tàbí kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí fọ́nrán tó ti já, ẹ má kàn gé e sọnù kó lè dán lójú, ẹ wo iye tó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igbà yí ọ̀pẹ ká nísàlẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín má ju ìwọ̀n orúnkún lọ sókè. Ẹ fi gbogbo agbára yín fara tì í lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá fẹ́ já, ẹ jẹ́ kó já níbẹ̀. Ìdí nìkan ni yóò dùn yín, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín sí i lálẹ́.

Àwọn kan wà láyé tí ọ̀rọ̀ wọn fi ara jọ ti agunọ̀pẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn. Àwọn náà ni àwọn tó ń fò sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú páráṣúùtì. Àwọn ọmọ-ogun Tógò ní irú wọn, para-commando ni a ń pè wọ́n. Ní Faransé àti ní Amẹ́ríkà, àwọn tí kì í ṣe ọmọ-ogun rárá ń fi í ṣe eré ìdárayá. Owó tiwọn ni wọ́n ń san kí wọ́n lè já bọ́. Kálukú pẹ̀lú ohun tó wù ú!

Páráṣúùtì jẹ́ aṣọ ńlá tí okùn púpọ̀ so mọ́ ara ẹni tó gbé e. Wọ́n á ká a sínú àpò, wọ́n á gbé àpò náà kọ́ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fò jáde ní mítà 4,000 yóò máa já bọ́ pẹ̀lú eré tó tó kìlómítà 200 ní wákàtí kan. Nígbà tó bá fa okùn, aṣọ náà á jáde, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, eré náà á sì dínkù tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró nílẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ náà nílò àkókò kó tó ṣí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ má jẹ́ kó kù dín ní nǹkan bíi mítà 900 sílẹ̀ kó tó ṣí i. Ẹ ò rí i pé kò lè wúlò lórí ọ̀pẹ. Kí ọmọdé kankan má gbé agboòrùn gun òkè ilé pé òun fẹ́ fò.

Ohun tí a lè kọ́ lára wọn ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹrù wọn. Páráṣúùtì méjì ló wà nínú àpò kan: ọ̀kan fún lílò, èkejì fún ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá kọ̀. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè ká èkejì yìí. Òfin Amẹ́ríkà ní kó tú u wò kó sì tún un ká ní ọjọ́ 180, ọjọ́ 180, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ lò ó. Aṣọ tí a kò lò náà ń bàjẹ́. Nígbà tó bá ká a tán, yóò kọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sórí ìwé kékeré kan tó ń bá ẹrù náà gbé. Ẹni tó fẹ́ fò yóò ka ìwé náà kó tó gbé àpò kọ́rùn. Wọ́n tún ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta: kí wọ́n tó gbé e wọ̀, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, àti kí wọ́n tó fò. Láti ọdún 1991 ni ẹ̀rọ kékeré kan tí ń jẹ́ Cypres ti ń wá láti Jámánì, tó lè ṣí páráṣúùtì kejì fúnra rẹ̀ bí ẹni náà bá dákú lójú ọ̀run. Síbẹ̀, wọn ò torí ẹ̀rọ fi ojú wíwò sílẹ̀. Òfin náà kọ̀ fún ẹni tó bá ti mu ọtí láti fò. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kó fò.

Àwọn òfin wọ̀nyí kò ṣàdédé wá. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1912, aránṣọ kan wà ní Paris tí ń jẹ́ Franz Reichelt. Ó rán ẹ̀wù kan tó rò pé yóò ṣí bíi páráṣúùtì. Ó sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé ère tí a fi aṣọ wọ̀ lòun máa jù sílẹ̀ láti orí ilé gogoro Eiffel. Nígbà tó débẹ̀, ó ní òun fúnra òun lòun máa fò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mítà 57 ni ibi tó ti fò, bí ọ̀pẹ gíga mẹ́ta tí a tò léra. Ẹ̀wù náà kò ṣí, ó wé mọ́ ọn lára. Ibẹ̀ ló kú sí, lójú àwọn tó wá wòran. Ọkùnrin náà kò ya ọ̀lẹ, kò sì ya òmùgọ̀. Ó kàn fi ara rẹ̀ dán ohun tí kò tíì ṣiṣẹ́ wò.

Ní tiwa, kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ìdí ọ̀pẹ. Àwa la ó ṣòfin fún ara wa. Ẹ má gùn nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí ara ọ̀pẹ ṣì tutù, torí ẹsẹ̀ á yọ̀. Ẹ má gùn nígbà tí ìjì bá ń fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo òkè dáadáa: ṣé oyin kò sí níbẹ̀? Ṣé wáyà iná kò kọjá nítòsí? Àdá tàbí igi dòjé tó bá kan wáyà ń pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dá lọ gùn. Kí ẹnì kan wà nílẹ̀, àmọ́ kó má dúró sábẹ́ igi gan-an, nítorí ìdì ẹyìn kan lè wúwo ju kílò 20 lọ. Ní ti sódábì, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ń lo okùn náílọ́ọ̀nù dípò igbà. Ó lágbára, kì í sì í jẹrà. Ṣùgbọ́n oòrùn ń pa á díẹ̀ díẹ̀, bó ti ń pa aṣọ páráṣúùtì, kódà bí a kò bá rí i lójú. Ó ń yọ̀ ní ojú ìdè, nítorí náà ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó gùn dáadáa, kí ẹ sì tún ìdè náà wò ní gbogbo ìgbà. Omi inú bátìrì mọ́tò ń jẹ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ibì kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ̀wé báyìí, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ hun igbà yín tàbí tí ẹ rà á sínú ìwé kékeré, kí ẹ sì máa kọ ọjọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí arákùnrin yín bá wá yá a, ìwé náà á sọ fún un bó ti dàgbà tó.

Bí ẹnì kan bá já bọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà, àánú la fi ń ṣe é léṣe. A ó sáré fà á lápá dìde, a ó gbé e jókòó, a ó fún un lómi, a ó gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí zémì lọ sí Atakpamé. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ṣẹ́, egungun náà lè gé iṣan tó wà nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń mì nídìí ọ̀pẹ á sì dé ilé ìwòsàn ní arọ. Ẹ jẹ́ kó wà ní ìdùbúlẹ̀. Kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kí ọrùn má yí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ má fún un ní nǹkan kan mu. Ẹ wá pátákó tàbí ilẹ̀kùn. Ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á yí i lẹ́ẹ̀kan náà, orí, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ pọ̀, bí ẹni ń yí ìtì igi, wọ́n á ti pátákó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dè é mọ́ ọn. Mọ́tò tó lè gbà á ní ìdùbúlẹ̀ ni kí ẹ fi gbé e. Bó bá ní kò dun òun, ẹ ṣì gbé e lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ikùn láìhàn síta.

Kí ẹni tó mọ̀wé nínú yín kọ aago tó já bọ́ sórí ìwé, bí ọ̀pẹ náà ṣe ga tó, bóyá ó dákú, àti bóyá ó lè mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó fi ìwé náà lé dókítà lọ́wọ́ ní kété tí wọ́n bá dé.