Von Rosen: Ọwọ́ tí ó gbé oúnjẹ, tí ó sì tún gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ni ní Òrè, ní Odígbó àti ní Àgọ́ Aláyè, gbogbo ọmọ iléèwé yín ni ó mọ̀ pé ní 1967, Òrè ni a ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo jẹ́ ọ̀gá wọn dúró. Ìjà náà ti di ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n àwa fẹ́ kí ẹ fi orúkọ kan kún ìtàn náà: Carl Gustaf von Rosen, ará Sweden.

Ilé ọlọ́lá ni a bí i sí ní 1909. Nígbà tí Ítálì gbógun ti Etiópíà ní 1935, òun ni ó ń fi ọkọ̀ òfurufú Alágbèélébùú Pupa gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ní 1940, ó fi ọkọ̀ èrò tí a sọ di ọkọ̀ ogun ju bọ́ǹbù lu àwọn ará Rọ́ṣíà nítorí Finland. Lẹ́yìn náà, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú Ọba Haile Selassie.

Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 1968, ó rọra fò gba orí igi wọ Uli, ó kó oúnjẹ àti oògùn fún àwọn tí ebi ń pa kú. Ta ni yóò bá a wí? Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún 1969 ó tún padà, ó kó ọkọ̀ kékeré márùn-ún tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi kọ́ fífò wá láti Gabon, pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ìyẹ́ wọn. Wọ́n kọlu pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt, lẹ́yìn náà Benin, tí kò jìnnà sí Òrè, àti Enugu.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ já ọkọ̀ oúnjẹ Alágbèélébùú Pupa lulẹ̀. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú rẹ̀ kú, ẹgbẹ́ náà sì dá ìrìnnà wọn dúró. Àwa kò rí àwíjàre kankan fún ẹni tí ó yìnbọn náà. A kò sì sọ pé von Rosen nìkan ni ó fà á, nítorí ọkọ̀ tí ó ń kó ìbọn àti ọkọ̀ tí ó ń kó oúnjẹ ti ń gba òru kan náà wọ Uli tipẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí gbajúmọ̀ agbóúnjẹ fúnra rẹ̀ di ajagun, ìfura tí ó wà nílẹ̀ di ńlá, àwọn ọmọ tí ebi ń pa ni ó sì jìyà rẹ̀.

Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí dé òpin. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 1977, ní Gode ní Etiópíà, níbi tí ó ti ń ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun Somalia kọlu ìlú náà, wọ́n sì pa á. Ẹni ọdún 67 ni.